Sàráà fún Eyín Ilham

Àtìní, 7 Oṣù Kẹwàá 1996
Ilé ìwòsàn eyín. Nọ́ọ̀sì Hàúwà ní kí Ilham lanu, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọ ọdún márùn-ún, eyín méjì lẹ́yìn ti dáhò! Ó ní eyín ọmú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ti ẹ̀yìn kì í yẹ̀ kí ọmọ tó tó ọdún mẹ́wàá. Kí n mú un wá ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á dí i. Irinwó náírà. Kò gbọdọ̀ gbé súwíìtì, bisikíìtì tàbí jùsì lọ síléèwé mọ́. Kí ni kó wá máa jẹ? Ẹ̀pà, kárọ́ọ̀tì, wàrà. Omi lásán.

Àtàláátà, 8
Bisikíìtì ọjọ́ kan, náírà mẹ́wàá. Kárọ́ọ̀tì náírà mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo ń sanwó kí eyín ọmọ mi lè bàjẹ́! Mo gé kárọ́ọ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi iyọ̀ díẹ̀ se wàrà. Ilham wo inú abọ́, ó fi Hausa ní òun ò fẹ́: "Ba na so." Mo ní bó o fẹ́, bó o kọ̀, òun lo máa jẹ.

Àlàmísì, 10
Abọ́ ṣófo dé ilé. Mo kọrin nídìí ààrò.

Jímọ̀, 11
Mo fẹ́ fọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ — bébà súwíìtì méje nínú àpò. Mo padà síléèwé, mo bá tíṣà rẹ̀, Tolúlọpẹ́. Ó ní sàráà ni. Ìyá Jàmàlúdéènì, ọmọ kíláàsì wọn, lálàá burúkú, ó gbé súwíìtì wá fún gbogbo kíláàsì. Lánàá, ẹlòmíràn. "Ìyá Ilham, Kristẹni ni mí. Tí mo bá lé sàráà yín padà, kí ni wọ́n máa sọ?" Òótọ́ ni. Wàrà mi ńkọ́? Ilham ń pín in fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Tolúlọpẹ́ ṣèlérí pé òun á máa gba ti Ilham pamọ́.

Àlàrùbá, 16
Eyín ń ro ó, ọmọ ò sùn. Aláàánú — ìyá ọkọ mi, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — ní sàráà ló kù. Kó jẹ́ súwíìtì, torí àdúrà ọmọdé kì í pẹ́ gbà. Mo rọra ní, Ìyá, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀pà àti kárọ́ọ̀tì ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Sàráà kárọ́ọ̀tì! Ganiat, ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ kó ṣe àmín ni?" Abdulkareem ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí àpótí, ó kó irinwó tí mo tọ́jú fún eyín lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní ọ̀la la fẹ́ lọ dí i. Ó ní eyín ọmú ni, òmíràn ń bọ̀, kí n má fi ìṣirò ba sàráà jẹ́.

Àlàmísì, 17
A ò lọ.

Jímọ̀, 18
Orúnkún ń dun Aláàánú, nítorí náà èmi ni mo ru igbá súwíìtì dé iléèwé. Ilham fọwọ́ kàn án, bí a ti ń ṣe, ó sì mú. Ta ló máa gba sàráà tí a ń ṣe nítorí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Tolúlọpẹ́ kàn wò mí. Ì bá sàn kó bú mi.

Sọ́ńdè, 20
Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú.

Àtàláátà, 22
Mo bẹ olórí àjọ tí mò ń dá, ó fún mi ní tèmi ṣáájú. Hàúwà bi mí ìdí tí a ò fi wá ní Àlàmísì. Mo ní òjò ni. Kò sí dídí mọ́. Ó yọ méjèèjì. Ilham ké títí ohùn rẹ̀ fi há.
Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò sunkún mọ́. Aláàánú ní kó lanu, ó wo ihò méjèèjì, ó gbọ́wọ́ sókè. "Alhamdulillahi! Ìrora ti lọ. Ọlọ́run ti gba sàráà wa." Ó ní ká máa ṣe é ní Jímọ̀-Jímọ̀.
Abdulkareem ṣe àmín.
Ilham náà ṣe àmín, tòun ti òwú lẹ́nu.