Màlúù Ló Wà Lórí Ilẹ̀ Bàbá Wa

Olóòtú ètò wa, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi.

Orí òkè ni oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí a bá gbin àgbàdo síbẹ̀ ni òjò ń wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, títí ẹrẹ̀ fi ya wọ yàrá àbúrò mi obìnrin tó kọ́lé sí ìsàlẹ̀. Ni mo bá jẹ́ kí koríko bo ilẹ̀ náà, mo sì fi màlúù díẹ̀ síbẹ̀. Látìgbà náà, àbúrò mi ti ń rí oorun sùn nígbà òjò.

Ṣùgbọ́n ìyá wa fárígá. Wọ́n ní, "Oko tí bàbá rẹ fi tọ́ ọ dàgbà lo sọ di pápá ẹran. Ṣé koríko la máa bù sínú ìkòkò?" Wọn kì í jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti bá oníkatakata sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ wá túlẹ̀.

Lánàá, àbúrò mi pọn ọmọ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá máa gbà fún wọn, ẹ tètè sọ fún mi, kí n kó ẹrù mi."

Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ẹ̀yin tírú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kí lẹ sọ fún ìyá yín tí wọ́n fi gbọ́?