Dàńṣíkí Fọláyan Nínú Lámilámi

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù kejì, 1979
Òyìnbó kan fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tirẹ̀ balẹ̀ sí pápá lẹ́yìn ìlú. Gaston lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ máa fò kiri lórí igbó wa, kó kàn máa wò ó. Ẹni owó ń yọ lẹ́nu! Ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn jagunjagun àfowórà ti balẹ̀ ní Kùtọnu, ta ni kò bẹ̀rù ọkọ̀ òfuurufú? Kámárádì Firmin ti ìgbìmọ̀ ìyípadà ti ìjọba ní kí èmi olùkọ́bìnrin tó gbọ́ Faransé bá a wọ ọkọ̀, kí n máa ṣọ́ ọ.

Mo gbà kíá. Fọláyan àbúrò mi ọkùnrin lọ ṣọdẹ lọ́nà Adakplamè láti oṣù tó kọjá, kò padà. Àwọn ará abúlé Odomèta wá a títí, ó rẹ̀ wọ́n. Firmin ní ó sá lọ Nàìjíríà ni, ọ̀tá ìyípadà. Ìyípadà wo ni ọdẹ fẹ́ bá ṣọ̀tá?

Ìṣẹ́gun, 6
Ìyá gbé dàńṣíkí aláró Fọláyan lé mi lọ́wọ́. Ó ti pe orúkọ rẹ̀ sí ọrùn ẹ̀wù náà. Ó ní kí n tẹ́ ẹ sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kí ọmọ òun lè rí ohun tí yóò tẹ̀ lé wálé.

"Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti balẹ̀, mú un bọ̀ wálé. Má fi sílẹ̀ síta o."

Olùkọ́ ni mí, n kò gba irú nǹkan báyìí gbọ́. Mo mú un lọ.

Ọjọ́rú, 7
Lámilámi — orúkọ tí mo sọ ọkọ̀ náà — gbé wa sókè. Lẹ́yìn Idigny: igbó, ilẹ̀ jíjó, igbó. Gaston ń kọrin. Lójijì ó dákẹ́, ó bi mí bóyá èmi ni mò ń mí sí òun lọ́rùn. Èmi kọ́.

Mo mú dàńṣíkí wálé.

Ọjọ́bọ̀, 8
A ò rí ẹnikẹ́ni. Gaston kò kọrin mọ́.

Ẹtì, 9
Mo rí i! Ọkùnrin kan lórí ilẹ̀ jíjó, lẹ́yìn Adakplamè, ó gbójú sókè, ó ń juwọ́. Mo fẹ́ juwọ́ padà, apá mi kọ̀, ẹkún ló gbà mí. Kò síbi tí a lè balẹ̀ sí.

Nígbà tí a dé pápá, mo yíjú wẹ̀yìn. Dàńṣíkí náà ti dìde jókòó. Apá rẹ̀ kan gbé sókè, ó fara ti fèrèsé. Gaston ní atẹ́gùn ni. Fèrèsé wà ní títì. Orí mi wú. N kò lè fọwọ́ kàn án, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo sá sọ̀ kalẹ̀.

Mo purọ́ fún Ìyá. Mo ní mo ti fi dàńṣíkí náà sínú àpótí mi.

Àìkú, 11
Fọláyan dé! Àwọn àgbẹ̀ fi alùpùpù gbé e wá. Ó gbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ìyá jó. Mo ránṣẹ́ sí Firmin pé kó wá wo ọ̀tá ìyípadà bó ṣe ń mu ògì. Ayọ̀ yìí pọ̀ jù mí lọ.

Ajé, 12
Ó sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ní òun ti gbà láti kú sábẹ́ igi kan, kí ọkọ̀ wa tó máa kọjá, tí ẹnì kan nínú rẹ̀ sì ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún òun. Mo ní n kò gbé ọwọ́ sókè.

"Ìwọ kọ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín ni. Dàńṣíkí mi ló wọ̀."

Ìyá bojú wò mí. Mo sáré lọ sí pápá. Gaston ti ń gbéra, dàńṣíkí náà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo pariwo, mo ju gèlè mi sókè — kò rí mi. Lámilámi yí po lórí ilé wa lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí àríwá.

Nígbà tí mo délé, Fọláyan ti wà lẹ́nu ọ̀nà lórí ẹsẹ̀ wíwú rẹ̀, ojú rẹ̀ lókè. Èmi àti Ìyá la wọ́ ọ wọlé, a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò jà. Ó kàn ń bẹ̀ wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ká ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti ń pe òun.