Kíkan Ilẹ̀kùn Erinmi

Ìyá Choolwe, èmi ni o. Ara mi yá gágá, mo ti jẹ nsima, má dààmú. Bí o bá gbọ́ pé ohùn mi há, ariwo tí mo ń pa létí odò ló fà á.

O mọ̀ pé a máa ń fi àjẹ̀ kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí erinmi lè yọrí, ká mọ ibi tó wà. Láàárọ̀ yìí, òyìnbó kan nínú ọkọ̀ Lweendo ní kó dákẹ́, òun fẹ́ ya àwòrán ẹyẹ. Lweendo rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, ṣé a máa wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn ni?" Ṣùgbọ́n ó dákẹ́ fún un.

Ọkọ̀ rẹ̀ ló dojú dé. Àwọn òyìnbó ti gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó farapa nínú wọn. Mo ti rí àjẹ̀ Lweendo, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ó mọ̀wẹ̀ jù mí lọ, àbí? Ó lè ti gun erékùṣù kan, kó máa fi igbe mi ṣẹ̀rín.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Kí ìyàwó Lweendo náà, ṣùgbọ́n má sọ nǹkan kan fún un. Ṣáà sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, kó wá sùn tì ọ́ lálẹ́ yìí.