Ìyá Wa Sùn ní Hòtẹ́ẹ̀lì Orí Òkè

Bàbá mi tí mi ò rí pè lórí fóònù mọ́,

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó gbọ́ èyí: mo gbé ìyàwó yín lọ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Mo mọ̀ pé ẹ ó kọ́kọ́ lajú sí mi, lẹ́yìn náà ẹ ó rẹ́rìn-ín tí èjìká yín á máa mì láìsí ohùn, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà pọ̀ díẹ̀.

Hòtẹ́ẹ̀lì orí òkè àpáta yẹn ni, èyí tó wà lẹ́yìn Jahi ní Àbújá níbi tí mò ń gbé, tó ga ju gbogbo àdúgbò lọ. Ẹ máa ń nawọ́ sí i nígbàkígbà tí mo bá ń fi ọkọ̀ gbé yín lọ sílé, ẹ kì í sì í yé béèrè ibi tí àwọn tó kọ́lé síbẹ̀ ti ń pọn omi. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Táńkà ló ń gbé omi gòkè lọ fún wọn láàárọ̀ kùtù, ariwo rẹ̀ ló sì jí wa.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ nìyí. Ìyá wa ti ṣe opó yín tán. Ó ṣe é bó ṣe yẹ, kò sí ẹni tó lè fẹnu bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí, kò jáde. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú pálọ̀ yín ní Nyanya, orí rẹ̀ ló ń wà tílẹ̀ fi ń ṣú, tí á kàn máa mirí sí àwọn tó wá kí i kú àsẹ̀yìndè. Ni Bọ̀dá wa Músílíù bá pinnu láti Galadimawa tó ń gbé pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ìyá wa máa lọ gbé. Ẹ mọ àkọ́bí yín, tó bá ti rò pé ohun kan dáa, ó ti parí nìyẹn. Wọ́n ti kun yàrá kan sílẹ̀ fún un ní ilé ẹbí, ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mi ò sọ pé èrò bọ̀dá burú. Ó fẹ́ kí ìyá wa wà láàrin èèyàn. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìyá wa fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Tí a bá bi í léèrè, bí a bá ṣe fẹ́ ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀. Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu obìnrin yìí rí? Ẹni tí kì í gbà kí ẹ ra bàtà láìjẹ́ pé òun tẹ̀ ẹ́ wò lọ́wọ́? Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ gbé e kúrò lórí àga yẹn kí ọkọ̀ ẹrù tó dé, kó lè sọ tinú rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ó fẹ́ lọ tàbí pé kò fẹ́.

Mi ò dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Ẹ̀yin lẹ kúkú kọ́ ọ pé ẹni tí kò ní ará ní ìlú ló ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Kàdúná o, Kánò o, Jọ́ọ̀sì o, ilé ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà lẹ máa ń dé sí nígbà tí ẹ bá lọ ra bọ́tìnnì àti síìpù tí ẹ ń tà, tẹ̀yin ti búrẹ́dì lábẹ́ apá. Mo kàn ní a ń lọ sùn síbì kan lórí òkè. Ó wọlé lọ, ó sì gbé báàgì mángòrò kan jáde, mángòrò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. A kì í lọ sílé onílé lọ́wọ́ òfo, àbí báwo?

Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè náà, etí wa dí. Ìyá wa ń gbé itọ́ mì, ó sì di ìlẹ̀kùn mú bí ẹni pé òun ló ń wa ọkọ̀. Nígbà tí a dé òkè, tó rí ọmọbìnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó ń gba àlejò, ó yé e pé hòtẹ́ẹ̀lì ni. Mo ti ń múra àwíjàre sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wojú mi. Ó kọjú sí ọmọ náà.

"Onílé dà?"

Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ìyá wa bá yí i sí Hausa ọjà rẹ̀. "Sànnu. Ina mai gida?"

Ojú ọmọ náà yí padà. Ó rò pé a ti ní ẹ̀sùn kí a tó wọlé, ló bá sáré lọ pe máníjà wọn. Ọkùnrin ará Bẹ́núé kan ló jáde, tó ń tún táì ṣe lọ́rùn. Ìyá wa tẹrí ba díẹ̀, ó na mángòrò sí i, ó ní kí n bá òun sọ fún un pé a wá sọ́dọ̀ yín o, nǹkan ọwọ́ wa kò tó nǹkan. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà wo báàgì, ó wo ìyá wa.

"Mama, na me get am? Since I dey this work, guest never bring anything come. Na our towel dem dey carry go!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá wa náà rẹ́rìn-ín. Bàbá mi, mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún. Máníjà fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì wa dé yàrá.

Láti ìgbà náà ni ìyá wa ti di àlejò tó mọ ìwà hù. Nígbà tí obìnrin tó ń tún yàrá ṣe dé lówùúrọ̀, bẹ́ẹ̀dì ti wà ní títẹ́, ìyá wa sì ní kí ó yá òun ní ìgbálẹ̀. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi mí pé ṣé òun ṣẹ ìyá ni. Níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ìyá wa lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà níbẹ̀ tí wọ́n wá ṣe ìpàdé, tí káàdì so mọ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀, wọ́n dìde kí i. Bàbá àgbà Hausa kan tó wé aṣọ mọ́ra nítorí òtútù dáhùn, ó kí i káàbọ̀ pé, "Yauwa, Hajiya, sànnu da zuwa," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn, kò tán bọ̀rọ̀. Tọkọtaya ọ̀ṣingín kan tí wọ́n ń ya fọ́tò fà á mọ́ àárín wọn. Mo jókòó, mò ń wò ó, ẹyin dídín mi ń tutù lórí àwo.

Òtútù wà lókè yẹn o. Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí a dé, mo sì wọ súwẹ́tà mi fún un lé ìró àti bùbá. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń dé fìlà méjì lérí ara wọn nígbà ọyẹ́, tí ẹ ó sì ní òtútù ò mú yín. Ṣé òtútù kì í mú yín níbi tí ẹ wà? Ó wù mí kí ẹ̀yin náà ti sùn lórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí irin wà tí èèyàn lè fara tì. Kùrukùru bo gbogbo ìsàlẹ̀, kò sí Àbújá rárá. Ìgbà tí oòrùn mú díẹ̀ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa ní kí n fi Nyanya han òun. Mo nawọ́ sí apá òsì. Ó béèrè ọjà Wúsè níbi tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Mo fi hàn án. Ó tún bi mí.

"Ibo ni wọ́n tẹ́ bàbá yín sí?"

Mi ò rò ó rí, Bàbá mi. Àwọn ọkùnrin ló gbé yín lọ, òun sì wọlé opó lọ́jọ́ kan náà. Èmi ti bá bọ̀dá dé ẹnu géètì ibẹ̀ ṣàdúà, ṣùgbọ́n òun kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Mo nawọ́ sí ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn àwọn ilé gíga, níbi tí igi ti pọ̀. Ó wo ibẹ̀ pẹ́. Ó ní kí n pe bọ̀dá fún òun, mo sì ṣí sípíkà fóònù.

"Músílíù, o ṣeun, mo mọ̀ pé ire mi lò ń rò. Sọ fún awakọ̀ yẹn kó má wulẹ̀ wá. Bàbá yín ló mú mi wá sí Àbújá, ibí lẹ sì sin ín sí. Tí mo bá wá dé Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni mo lọ bá?"

Nígbà tí bọ̀dá máa dáhùn, ohùn rẹ̀ ti yí.

"Ẹ má bínú, mà. Ó ti yé mi."

Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìyá wa ò sunkún. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní kí a máa lọ sílé, nítorí ilẹ̀ pálọ̀ yẹn kò tíì rí omi láti ọjọ́ yìí.

A ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé wọ́n lè má jẹ́ kí obìnrin wọnú itẹ́ òkú. Ó ní kò burú, òun á dúró lẹ́nu géètì, òun á sì kí yín láti ibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò sí ibi tí ohùn òun ò lè dé.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.