Bí Igbe Jíìpù Ṣe Dákẹ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, torí bí mo bá fi ìkíni ṣáájú, màá fi ẹnu dídùn bo ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí o wà lọ́mọdébìnrin, o yọ jáde lábẹ́ jíìpù mi pẹ̀lú òróró dúdú níwájú orí, o fẹ́ ṣàlàyé ohun tí o rí níbẹ̀ fún mi. Mo lé ọ wọlé níṣojú àwọn àlejò, mo ní kí o lọ fọ abọ́, pé etí obìnrin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọlọ. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ àgbà ni mí nígbà náà, ìwé mi pọ̀, ọgbọ́n mi ni kò tó nǹkan. Ó ń dùn mí títí di òní.

Ó yá, ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń tún ọkọ̀ ṣe? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ lábẹ́ gbogbo ọkọ̀ tí o bá wọ abẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ. O mọ̀ pé dókítà tí yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún un kì í wá sí ilé ìwòsàn òdìkejì òkè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, jíìpù yìí nìkan ló sì lè gun òkè náà. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé gan-an ni jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Kí n tó pè ọ́, mo ti pe mẹkáníìkì ìta wa, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ó-Ti-Kú. Kò tíì wo abẹ́ ọkọ̀ tó fi ní gíà ti kú, pé kí n ta gbogbo rẹ̀ fóun bí irin àlòkù. Ìyá rẹ ní bí wọ́n bá gbé aago tó ń ṣiṣẹ́ fún ọkùnrin yìí, yóò bá olówó rẹ̀ kẹ́dùn.

Nígbà tí o wá ní kí n fi fóònù olójú pè ọ́ kí o lè gbọ́ ariwo náà, mo fi okùn so fóònù mọ́ abẹ́ ọkọ̀, mo sì fi aṣọ wé e kí erùpẹ̀ má baà kó sí ọ lójú. Ní ibi kòtò, mo kígbe pé kí o di nǹkan mú dáadáa. O rẹ́rìn-ín títí. Ìyá rẹ ní bóyá afẹ́fẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló dùn mọ́ ọ.

O ní kí n dúró lójú kan, kí n tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ kò ké. O ní ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. O ní kí n yí i pòyì lórí títì ọlọ́dà: ó kérora, àwọn táyà ń fò bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń wọ́ lọ. O ní kí n yí i pòyì lórí iyanrìn: kẹ́kẹ́ pa. O wá béèrè ibi tí irin kékeré ẹ̀gbẹ́ gíà wà, èyí tó ń so táyà iwájú mọ́ iṣẹ́. Mo ní níbi tí mo tì í sí láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìntì, torí mo kà á sí ìrẹ́jẹ kí táyà ẹ̀yìn máa ṣiṣẹ́ kí ti iwájú máa ṣeré. Ní ilé ẹ̀kọ́ mi, gbogbo ọmọ ló ń gbálẹ̀. O ní táyà iwájú máa ń rin ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ bí ọkọ̀ bá ń yí, bí a bá dè wọ́n pọ̀ lórí ọ̀dà gbígbẹ, ṣe ni wọ́n á máa bá ara wọn jà. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn ló ń gbà wọ́n láyè láti yọ̀. Mo fa irin náà padà. Igbe dákẹ́!

Ó ku "gbì" kan tó ń dún bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra. O ní kí n pa ọkọ̀, kí n fi òkúta há táyà, kí n wọ abẹ́ rẹ̀ lọ mi ọ̀pá gígùn tó ń yí níbẹ̀. Mo mì í, ó ń ṣe wọ̀kọ̀wọ̀kọ̀ bí eyín ọmọdé. Àwọn bóòtù tó dì í mú ló ti tú. Mo fún wọn le, mo jáde pẹ̀lú òróró dúdú níwájú orí tèmi náà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a gun òkè náà láìdúró. Bí a ṣe ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù Ó-Ti-Kú, ìyá rẹ yọrí, ó ní kó wá wò ó bóyá òkú ló ń sáré. Ó-Ti-Kú béèrè ẹni tó tún un ṣe. Ìyá rẹ ní ọmọ òun obìnrin ni, láti ìlú ńlá, tòun ti aṣọ tí bàbá rẹ̀ fi wé e lójú lábẹ́ ọkọ̀. Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ó wò mí títí, ó ní mo hewú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ òun.

Jọ̀ọ́, fi owó gíríìsì díẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù. Mo ti nù ún mọ́ kí owó náà má baà dọ̀tí. Ọwọ́ rẹ kò ní kán, etí rẹ kò ní di, ohun tí o bá tún ṣe kò ní bàjẹ́ padà.

O kò béèrè ibi tí mo ti rí sípánà tó bá àwọn bóòtù náà mu. Inú àpótí irinṣẹ́ tí àbúrò ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ kó tó kú ni, èyí tí mo sọ pé olè jí gbé. Kò sí olè kankan, abẹ́ ibùsùn mi ni mo gbé e pa mọ́ sí kí o má baà kọ́ iṣẹ́ náà. Ó wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí wá. Gbà á, ọmọ mi. Tìẹ ni.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.