Sẹ́párétì Tí Dúrósinmí Ní Òun Fẹ́

Ìkọ̀lé-Èkìtì,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Dúrósinmí ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ilé Ìsọlọ̀ tòrò, ṣé Tẹ́ní ọmọ-ọmọ mi ti ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ yóò máa bá ọ gbé ibẹ̀. Àwa náà wà níbí, a ò kú, a ò ṣàìsàn, àfi eyín ìyá rẹ kan tó ń mì tí kò jẹ́ kó lè jẹ àgbàdo yíyan mọ́, tí gbogbo àgbàdo ilé wá kù sí èmi nìkan lọ́rùn.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni pé o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ò sì mọ̀. Hassanat ìyàwó rẹ ló pe fóònù ìyá rẹ, èmi ni mo gbé e, nítorí ìyá rẹ gbà pé bí òun bá gbé e sí etí, káàdì máa ń tètè tán. Ìyàwó rẹ kí mi, ó kúnlẹ̀, mo mọ̀ pé ó kúnlẹ̀ nítorí ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti ń wá. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun bá ọ sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ tíátà ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé, pé risífà ni òun fẹ́ ní tòun, ṣùgbọ́n ìwọ taku, o ní sẹ́párétì lo fẹ́, àfi sẹ́párétì. Ibẹ̀ ni bátìrì kú.

Ọmọ mi, wo bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀. Tíátà tí èmi mọ̀ ni yàrá tí wọ́n ti fi abẹ yọ ìpá mi. Risífà tí èmi mọ̀ ni ẹni tó ń ra ẹrù olè, tí ọlọ́pàá máa ń mú pọ̀ mọ́ olè. Sẹ́párétì, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n: kí ọkọ gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ìyàwó gba tirẹ̀. Mo so ó pọ̀, mo ní wọ́n ti gbé ọ̀kan nínú yín wọ tíátà, Hassanat ti lọ ra ẹrù olè láti fi wá owó dókítà, ìwọ sì torí ìyẹn fẹ́ kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ bú sẹ́kún. Ó ní Hassanat tó fi odindi ọ̀sán bá òun di irun nígbà tí ẹ wá ṣọdún, bí o bá lé e, òun pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò jọ máa gbé, kí ìwọ lọ wá ìyá mìíràn.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi Babáfẹ́mi, ó ní ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣeé fi fóònù yanjú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti wà ní gáréèjì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú iṣu àti àkùkọ kan tí a fẹ́ fi bẹ àwọn àna wa ní Ṣógúnlé. Ọkọ̀ ti fẹ́ kún kí Morọ́lá àbúrò rẹ tó sáré dé láti ilé ìwé tó ti ń kọ́ni, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ara ọkọ̀ ló fi ọwọ́ tì. Ó ní òun ti pe Hassanat, kí a sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹni tó ń kọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ń mú kí fíìmù dún nínú pálọ̀ bíi ti ilé sinimá ni tíátà yìí. Risífà ni àpótí kan ṣoṣo tó ń gba ohùn, tó ń pín in, tó tún ń fún un lágbára lọ sínú gbogbo sípíkà. Sẹ́párétì ni kí a ra èyí tó ń pín ohùn lọ́tọ̀, kí a sì ra ampilifáyà tó ń fún un lágbára lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ronú sí i, ó ní ta wá ni olè nínú wọn? Níbi tí a ti ń dá a lóhùn ni àkùkọ ti já, tó bọ́ sórí ìyá kan tó ń sùn lẹ́yìn.

Nígbà tí a délé, mo pe ìyàwó rẹ fúnra mi. Ó ní pálọ̀ yín kéré, ibi kan ṣoṣo tí sẹ́párétì lè gbà ni ibi tí Tẹ́ní ti ń ṣeré, àti pé risífà tí òun rí ní Àgọ́ Palace ní ihò lẹ́yìn, tí ẹ lè fi so ampilifáyà ńlá mọ́ ọn bí ẹ bá kó lọ sí ilé tó tóbi. Ó ní ìwọ ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ débẹ̀ tí o fi ń pariwo. Mo gbà pé sẹ́párétì dùn ún gbọ́, òun náà la ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tóbi ju pálọ̀ rẹ lọ, bí ó bá sì dákẹ́, gbogbo ìgbìmọ̀ ní í máa wá wáyà tó já kiri tí pásítọ̀ yóò máa fi ọ̀fun lásán pariwo. Risífà oníhò yẹn ni kí ẹ rà. Kí o gba rìsíìtì dání o, nítorí orúkọ rẹ̀ ṣì ń bà mí lẹ́rù. Dúrósinmí, máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ tán kí o tó dáhùn. Ojú tí ìyá rẹ fi wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí a fi ra páànù, atẹ́gùn ti ṣí orí ilé ìdáná. Má gba báńkì fi í ránṣẹ́, ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́ pé yóò bì í, kò bì í.

Bí ẹ bá ti so ẹ̀rọ náà tán, ẹ pè wá. Kí ẹ má tan fíìmù kankan fún wa o. Ìyá rẹ ní kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó, kí ẹ rẹ́rìn-ín sínú fóònù, kí òun gbọ́ ọ.

Ẹkún kò ní jẹ́ ohùn tí a ó gbọ́ láti ilé yín. Ẹ ó jọ dàgbà, ẹ ó jọ darúgbó, Tẹ́ní yóò sì ṣe yín lóore. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ.