Ohun Tí Hàmídù Sọ Nínú Fíìmù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Edjeba ní Warri níbí ni mò ń gbé.

Bí a ṣe jáde ilé-ìwé gírámà lọ́dún tó kọjá, ọ̀gbẹ́ni kan wá fi owó tí kò tó nǹkan ṣe fíìmù nípa àwa ọ̀dọ́ ìlú yìí. Aṣọ ara wa la wọ̀ ṣe é, kì í ṣe eré àkọ́sórí; ó kàn ń bi kálukú wa nípa ayé ara rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ epo kó àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ. Hàmídù, tá a jọ máa ń rìn bọ̀ láti ilé-ìwé, gba Pọtakọ́tì lọ láìdágbére fún mi. Ó ká mi lára gan-an.

Ní Sátidé, wọ́n gbé fíìmù náà dé sinimá. Èmi nìkan ni mo lọ wò ó. Wọ́n bi Hàmídù nínú rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Na that girl wey we dey waka come house from school, na im I wan marry. I never fit tell am."

Èmi tá a jọ ń rìn bọ̀ láti ilé-ìwé ló ń wí pé òun fẹ́ fi ṣaya, pé òun ò tíì lè sọ ọ́ fún mi. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín; omi lé ròrò sí mi lójú.

Bàbá rẹ̀ ṣì ń ta aṣọ lọ́jà, mo lè gba àdírẹ́sì Hàmídù ní Pọtakọ́tì lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi ní obìnrin kì í kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọkùnrin. Mi ò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ̀yin ará: ṣé kí n kọ̀wé sí i, àbí kí n máa wò ó níran?